MBA ọnláìnì tàbí MBA oníkíláàsì: èwo ló bá ẹni tó ń gbé Ìlọrin mu?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta wàrà àti yọ́gọ́ọ̀tì nítòsí Ọjà Ọba ló pè mí pé nínú gbogbo MBA, ìyẹn díígírì kejì nínú ìṣàkóso òwò, tí wọ́n ń polówó kiri yìí, èwo ló dáa jù. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní irọ́ ni, pé èmi tí mo ti ṣe tèmi tán ni mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe tiẹ̀. Ẹ wo wàhálà! Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó fẹ́ lọ fi sáátífíkéètì náà hàn fún mi, torí ìwé yìí, ẹnì kan ló máa gbà á lọ́wọ́ èèyàn lọ́jọ́ kan, á wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, á ní ó dáa, tàbí kó ní "kí wá lèyí?" Ẹni yẹn ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó mọ ilé ìwé tó máa lọ.

Nínú ilé tiwa, ọ̀nà mẹ́ta la gbà ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Òmù-Àrán lọ sí kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ ní yunifásítì kan ní Ìlọrin níbí. Àbúrò mi wà ní NOUN, National Open University tó ń kọ́ èèyàn láti ọ̀nà jíjìn, kò tíì parí. Èmi ṣe ti Amẹ́ríkà láti orí tábìlì ìdáná mi ní Gáà Àkànbí, mi ò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí dòní. Nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Ta ló máa gba ìwé náà?

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lẹ wà, tó jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ṣe ìgbéga tàbí ẹ fẹ́ yí ẹ̀ka padà, ẹ lọ bá àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa gba irú èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Tó bá ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. NUC ló ń fọwọ́ sí yunifásítì ní Nàìjíríà, wọ́n sì tún ní lísítì mìíràn fún àwọn tí wọ́n gbà láyè kí wọ́n máa kọ́ èèyàn láti ọ̀nà jíjìn, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn, wọ́n á ní ṣebí yunifásítì tó lórúkọ ni, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹ̀ ò sí nínú lísítì kejì yẹn rárá. Orí wẹ́ẹ̀bù NUC ni lísítì náà wà, iṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ní wàhálà yẹn, kíláàsì ojúkojú ni tiẹ̀, ìwé ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lọ láàárọ̀ Monday, nígbà tó gbé e dé ọ́fíìsì kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

NOUN ńkọ́? Àwọn èèyàn ṣì máa ń yínmú sí i. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ni, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún kejì, ìgbà tí Ọbásanjọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó tún ṣí i. Bàbá náà fúnra ẹ̀ sì padà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tó kúrò lórí àlééfà, ó kàwé níbẹ̀ títí ó fi gba Ph.D. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àbúrò mi máa ń fi pa àwọn ẹlẹ́yà lẹ́nu mọ́.

Ti òkè òkun ló ní kọ́núkọ̀họ jù. Ìwé tó bá ti òkè òkun wá, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ìjọba tó lè lò ó. Ẹ ò gbàgbé ọ̀rọ̀ Kútọnu o: ní December 2023 oníròyìn kan tú àṣírí bó ṣe gba díígírì lọ́hùn-ún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, nígbà tó fi máa di January 2024 ìjọba ti dá àyẹ̀wò ìwé Benin àti Togo dúró pátápátá. Àwa ará Kwara tí ibodè wà lápá Bàrùtẹ́n, a mọ àwọn tọ́rọ̀ yẹn bá, àwọn kan nínú wọn jókòó ka ìwé wọn ní tòótọ́ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, òjò kan náà ló pa gbogbo wọn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé ẹni tó bá polówó fún yín pé oṣù mẹ́ta lẹ máa fi gba MBA, ẹ dáríjì í kẹ́ ẹ máa lọ.

Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ àdáni ńlá tàbí ilé iṣẹ́ ìlú òyìnbó lẹ fẹ́ fi hàn, orúkọ mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ wá lára ilé ìwé náà, àwọn tó ń yẹ ilé ìwé ìṣòwò wò tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i: AACSB tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1916, AMBA tí wọ́n wà ní London, àti EQUIS ti Yúróòpù. Kò pọn dandan kó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan tó. Lagos Business School ní AACSB àti AMBA, ṣùgbọ́n Èkó ni, mílíọ̀nù sì lẹ máa kà sílẹ̀. Yàtọ̀ sáwọn yẹn, àwọn ilé ìwé Amẹ́ríkà kan wà tó jẹ́ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní DEAC ló fọwọ́ sí wọn, ìjọba wọn mọ DEAC dáadáa, àmọ́ kò lókìkí tó ti AACSB lójú àwọn agbanisíṣẹ́ kan. Ti èmi, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé báyìí, ìwé ìṣirò wọn ni mò ń bá wọn tọ́jú, wọn ò bi mí léèrè NUC rí. Ká ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni mo fẹ́ lọ bá ni, tèmi ì bá jẹ́ owó ìnàdànù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n má gbàgbé: tó bá jẹ́ pé lẹ́kíṣọ̀ lẹ fẹ́ dà, tẹ́ ẹ fẹ́ ti ibẹ̀ lọ Ph.D, ẹ má ṣe MBA, M.Sc lẹ máa wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ka MBA sí ìwé àwọn oníṣẹ́. Àwọn tó sì ní HND, PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú díígírì kejì, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe, nígbà tí àwọn kan ní UK máa ń wo iye ọdún tẹ́ ẹ ti fi ṣiṣẹ́ mọ́ ọn.

Owó

NOUN àti kíláàsì ilẹ̀ wa, náírà ni. Ní NOUN ẹ ń sanwó kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ń sanwó ìdánwò ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tẹ́ owó lè mú kọ́ọ̀sì díẹ̀ ní sẹ́mẹ́sítà kan. Ti ẹ̀gbọ́n mi, rẹpẹtẹ ni wọ́n ń gbà á, àfikún owó mọ́tò láti Òmù-Àrán gba Àjàṣẹ́-Ìpò wọ Ìlọrin ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, àti oúnjẹ, àti ibi tó ń sùn sí ní alẹ́ Saturday tí kì í bá sùn sílé mi. Kò ka èyí mọ́ ọn nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó sẹ́mẹ́sítà kan kó tó jókòó ṣírò ẹ̀, ó wá rí i pé ojú ọ̀nà ń jẹ owó ju bó ṣe rò lọ.

Ti dọ́là, ẹ wá gbọ́. Boston University bẹ̀rẹ̀ MBA ọnláìnì wọn ní 2020, 24,000 dọ́là ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ní ojú ti Amẹ́ríkà owó pọ́ọ́kú nìyẹn, àwọn èèyàn ń pariwo pé ó rọjú. Ẹ jẹ́ ká ní wọn ò fi sẹ́ǹtì kan kún un láti ìgbà yẹn. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan jẹ́ bíi 460 ní báǹkì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 nìyẹn. Nígbà tó di 2024 tí dọ́là dé 1,500, ó di mílíọ̀nù 36. Kọ́ọ̀sì kan náà, tíṣà kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi ní 2022 (kì í ṣe Boston o, owó tèmi ò tó ìdajì tiwọn), mo ti ṣe ìdajì nígbà tí náírà já bọ́, mo ní láti dúró sẹ́mẹ́sítà kan gbáko, mo ta ilẹ̀ kékeré tí mo ní lápá Ṣáàre fi parí ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí dòní, ẹ bá mi fi ṣe àṣírí.

Àwọn tó rọrùn wà. University of the People, tí Shai Reshef dá sílẹ̀ ní 2009, wọn kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́, owó àyẹ̀wò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà, MBA wọn sì jẹ́ kọ́ọ̀sì 12. Àwọn èèyàn máa ń gbọ́ "ọ̀fẹ́" wọn á sáré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi owó kọ́ọ̀sì kan lọ́nà 12 kẹ́ ẹ tó sáré. Nexford, yunifásítì ọnláìnì míì, oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó, bí ẹni ń san háyà ilé, ẹni tó bá yára kà á ló máa fowó kékeré jáde, ẹni tó bá ń fà á nílẹ̀ ni landlord máa jẹ.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà fi owó ránṣẹ́ gan-an, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní 2022 àwọn báǹkì gé ohun téèyàn lè fi káàdì náírà rà ní òkè òkun sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn míì wá tì í pa pátápátá. Mo lọ ṣí akáǹtì dọ́là, mo ń ra dọ́là níwọ̀n ìwọ̀n, mo sì ń fi owó ránṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ọjọ́ tó pé torí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi í sí ọjọ́ mẹ́ta, kò débẹ̀, wọ́n yọ orúkọ mi nínú kọ́ọ̀sì kan. Lẹ́yìn náà dátà: kíláàsì fídíò wákàtí kan ń jẹ gíígì kan, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀, láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, sì ti gbà kí wọ́n fi tó ìdajì kún owó wọn, ẹ fi ìyẹn náà sínú ìṣirò. Epo jẹnẹrétọ̀, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Oorun

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nìyí, mo sì gbà pé òun ló yẹ kó wà lókè pátápátá nígbà téèyàn bá ń fi wọ́n wéra. Ilé ìwé tèmi ń ṣe kíláàsì lójúkojú lórí Zoom ní aago mẹ́jọ alẹ́ wọn. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, aago kan òru ni ní Ìlọrin. Nígbà òtútù wọn ó di aago méjì, torí àwọn máa ń yí aago wọn padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwa kì í yí tiwa. Lóṣù November mo jí ní aago kan bó ṣe mọ́ mi lára, mo jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù fún odindi wákàtí kan, mo rò pé wọ́n ti gbé kíláàsì kúrò. Ìyẹn ṣì dáa. Lóṣù March 2024 tí wọ́n tún dá a padà, mo jí ní aago méjì, mo wọlé, wọ́n ń dágbére fún ara wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀, mo ti aṣọ mọ́ra mo kọjá sí ìdí gáàsì lọ gbé omi sààrì kaná, mò ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń jí àwọn èèyàn ní àdúgbò, inú ń bí mi sí aago òyìnbó.

UK ò ní wàhálà yẹn, wákàtí kan péré ni wọ́n fi yàtọ̀ sí wa nígbà òtútù, nígbà ooru wọn aago wa dọ́gba. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ àárọ̀ tó sì fẹ́ kíláàsì ojúkojú lórí Zoom, UK ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. University of the People wá yàtọ̀, wọn kì í ṣe kíláàsì ojúkojú, kíkà àti kíkọ ni gbogbo ẹ̀, ọ̀sẹ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní Thursday ó ń parí ní Wednesday, nígbà tó bá wù yín láàárín ẹ̀ lẹ lè ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ yín náà sì ń bá yín máàkì lára iṣẹ́ yín. Ìyẹn ò jẹ dátà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í bá lè kàwé láìsí pé ẹnì kan ń wò ó lójú, á sùn síbẹ̀.

NOUN náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ àti ìwé ẹ ni. Máàkì 30 wà fún àsáínmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní TMA, 70 fún ìdánwò. Àbúrò mi máa ń fi TMA sílẹ̀ di ọjọ́ tó máa parí, mo rí i lálẹ́ ọjọ́ kan ní ilé kọ̀ǹpútà kan ní Tánkẹ, òun àti àwọn mẹ́fà míì, ojú gbogbo wọn pọ́n, bí ọmọ Ilé Kéwú tó ń retí ẹgba. Ẹjọ́ ara ẹ̀ ni, oṣù kan ló fi wà níwájú ẹ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ràn ní NOUN ni pé ìwé kọ́ọ̀sì wọn wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sọ kọ́ọ̀sì MBA kan kalẹ̀ lónìí, ẹ ka ojú ìwé ogún fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Tẹ́ ẹ ò bá lè kà á, ẹ ti mọ̀ láìsan náírà kan.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, Saturday àti Sunday ni, kò sí iyàn níbẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ láìsí i fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn àna wa ṣì ń bínú.

Ọjọ́ ìdánwò

Ti oníkíláàsì, ẹ wọ họ́ọ̀lù, ẹ kọ ọ́, ẹ jáde. Ti NOUN, ẹ lọ sí sẹ́ńtà, Ìlọrin sì ní. Tèmi, ìdáná mi ni họ́ọ̀lù. Ẹni tó ń ṣọ́ mi wà ní orílẹ̀-èdè tí mi ò mọ̀, ohùn ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ó ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù káàkiri kó rí gbogbo yàrá, ó rí àpò ìrẹsì, ó ní kí n ṣí i, mo ṣí i. Ó rí kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó àwọn ẹbí wa lára ògiri, ó ní kí n yọ ọ́ torí ìwé wà lára ẹ̀. Mo yọ ìyàwó àti ọkọ, mo dojú wọn bolẹ̀. Ó tún ní ariwo wo nìyẹn, mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ni, ó dákẹ́ díẹ̀, bóyá ó ń wò ó nínú ìwé bóyá wọ́n gba ata láyè.

Ìbéèrè kejìlá ni mo dé tí iná lọ. Ínfátà gbé láptọ́ọ̀pù, àmọ́ mi ò ti so ẹ̀rọ Wi-Fi mọ́ ọn, ojú kọ̀ǹpútà dì gbagidi. Mo ti kọ nọ́ńbà àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò sórí pépà, mo ti tan hotspot fóònù kejì láti àárọ̀, orí fóònù yẹn ni mo fi wọlé padà, wọ́n sì jẹ́ kí n máa bá a lọ. Ẹni tí kò bá ní fóònù kejì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, kó má jókòó ìdánwò ọnláìnì ní ìlú yìí. Kẹ́ ẹ sì bi ilé ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín ìdánwò. Èsì tí wọ́n bá fún yín máa sọ púpọ̀ nípa wọn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lé e: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́, ọgbọ́n ìdókòwò. Ibi gbogbo, ọ̀kan náà ni. Mo gbé ìwé tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí, yàtọ̀ sí pé àpẹẹrẹ tèmi jẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì, kò sí nǹkan míì.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ mí mọ́lẹ̀ ni àwọn èèyàn. Lẹ́yìn kíláàsì wọ́n máa ń lọ jẹ àmàlà ní Tánkẹ, ibẹ̀ ló ti mọ ọkùnrin kan tó ń kó àgbàdo, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sin adìẹ lẹ́yìn iṣẹ́, títí di báyìí àgbàdo tó ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ rọjú ju ti ọjà lọ, ó sì ń gbà á ní àwìn. Ẹgbẹ́ tèmi wà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Ọ̀rẹ́bìnrin mi kan ní Kumasi ṣì máa ń kí mi ní ọjọ́ Iléyá, inú mi máa ń dùn, àmọ́ kò lè tà mí ní àgbàdo.

Tí wọ́n bá ní kí n yàn fáwọn èèyàn láìbéèrè nǹkan kan: òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ìlọrin, kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán tàbí tó ní ọmọ kékeré, NOUN, tó bá lè fipá mú ara ẹ̀ kàwé. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún òyìnbó láti ilé tàbí tó fẹ́ lọ bá wọn, ti òkè òkun, kó ti ní ju ìdajì owó náà nílẹ̀ ní dọ́là, kì í ṣe ní náírà.

Ọ̀rẹ́ mi oníwàrà, nígbà tí mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta pé ta ló máa fi sáátífíkéètì hàn, ó ní kò sí. Ó ní ohun tó ń dà á láàmú ni pé ọjà ń lọ àmọ́ òun ò rí èrè. Mo ní kó má ṣe MBA kankan. Ó lọ san owó kọ́ọ̀sì ìṣirò owó kan ṣoṣo lórí Coursera, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, orí fóònù ló ti ṣe é. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde lábẹ́ káńtà, ó ti fa ìlà sí méjì, iná fíríìjì wà lápá kan, kúlà tó ń fọ́ wà níbẹ̀, wàrà tó ń bàjẹ́ ní alẹ́ Friday náà wà níbẹ̀, ó ní wàrà Friday yẹn ló ti ń jẹ òun lówó látọdún mẹ́ta.